Ẹ Tún Ọgbà Ẹran Yín Ṣe, Ẹ Má Ṣe Fa Iná Ilé Sí I

Ọ̀rọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Yemẹ́tù ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó parí sí agboolé ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, ní oko kékeré kan ní abúlé bàbá rẹ̀ lápá Akínyẹlé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ó ń sìn níbẹ̀, gbogbo wọn kò ju ogójì lọ. Ní ọdún kẹta sẹ́yìn ni ó mú nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí ó fi wáyà oníná yí ibi tí àwọn ẹran náà ti ń jẹ ká. Ọdún méjì gbáko ni ẹran kankan kò fi jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún yìí rọ̀ dé ojú rẹ̀, wọ́n jáde ní ìdájí ọjọ́ kan, gbogbo wọn pátá, wọ́n sì ba ẹ̀gẹ́ àti ilá aládùúgbò jẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti baálẹ̀, ọ̀gá sì san owó ohun tí ẹran rẹ̀ jẹ.

Owó ìtanràn náà kọ́ ni ó mú wa gbé kálàmù. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá a tọ́jú oko sọ fún un ní ọjọ́ kejì ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kúkú fa iná ilé sí wáyà yìí. Ẹran kò ní sún mọ́ ọn mọ́, olè pàápàá kò ní sún mọ́ ọn." Ọ̀gá kọ̀ fún un tìbínú-tìbínú. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó mọ ohun tí iná ilé lè ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí ó bi wá ni kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà: "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, àwọn tí kò kọ́ sáyẹ́ǹsì ńkọ́?"

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn dáadáa mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn a máa ní ilé ní ìgboro, a sì máa ní abúlé. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Yemẹ́tù, ṣàṣà ni agboolé àtijọ́ tí kò ní oko tí ó ń lọ. Nígbà kan rí, ewúrẹ́ a máa rìn káàkiri ojúde bí ó ti wù ú, àfi ọjọ́ tí wolé-wolé bá dé. Ayé ti yí. Ní ọdún 2019, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó ká fífi ẹran jẹ káàkiri ní gbangba lọ́wọ́ kò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà Gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ohun tí ojú rí ní Ìgangan ní ọdún 2021 kò tíì kúrò lọ́kàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí òfin bá wí pé kí a sé ẹran mọ́, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè pé: kí ni a ó fi sé e, ta ni yóò sì kọ́ olóko bí a ti ń tọ́jú ohun tí a fi sé e? Darandaran ni gbogbo ariwo ń lọ sí orí rẹ̀. Olóko kékeré tí ó ní ewúrẹ́ ogójì, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀.

Ọgbà wáyà oníná kì í ṣe idán. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ New Zealand ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1930. A gbọ́ pé ẹṣin kan tí ń fi ara họ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀gbẹ́ni Bill Gallagher ni ó mú òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, nítorí ó fẹ́ kí ẹṣin náà fi ọkọ̀ òun sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó wà níbẹ̀, tí ó ń gba agbára láti inú bátìrì tàbí láti ara sólà. Okùn kan jáde lára rẹ̀ lọ sí ara wáyà ọgbà. Okùn kejì lọ sí ara ọ̀pá irin tí a gbá wọ inú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì. Nígbà tí ewúrẹ́ bá fi imú kan wáyà, iná gba ara rẹ̀ kọjá sínú ilẹ̀, ilẹ̀ gbé e dé ìdí ọ̀pá irin, ó sì padà sínú ẹ̀rọ. Bí ibì kan bá já nínú ìyípo yìí, ìbáà jẹ́ lókè lára wáyà, ìbáà jẹ́ nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀, ewúrẹ́ kò ní mọ ohunkóhun lára.

A fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi ọkàn sí ibi tí a dé yìí, nítorí òun ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Agbára tí ó wà lára ọgbà tí ó dára a máa tó 5,000 sí 8,000 volt. Ti iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan yóò wí pé, bí ẹran bá ń fara da 8,000, kí ni 230 fẹ́ ṣe? Àṣìṣe tí ń pa ènìyàn ni èyí. Ẹ̀rọ ọgbà kì í tú iná sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó ń ta á ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ta ìka sí nǹkan, bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì ta kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi ààlà sí ohun tí ó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó dun ẹran, ẹran fò sẹ́yìn, ó parí. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ṣèèṣì kàn án, àyè wà láàárín títa kan sí èkejì láti jáwọ́. Iná ilé kò fún ni ní àyè kankan. Kì í sinmi. Ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. A máa mú kí iṣan ọwọ́ sún kì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ yóò fi di wáyà mú gírígírí tí olúwarẹ̀ kò ní lè tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè da lílù ọkàn rú. Wáyà tí a fa iná ilé sí, lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí, pàkúté ikú ni.

Ta ni pàkúté náà yóò sì mú? Olè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í fi ọwọ́ lásán kan ohun tí kò dá a lójú. Ọmọdé tí ó jáde lọ ṣa ìgbín lóru òjò ni yóò mú. Ìyá tí ó ń wá igi ìdáná ni yóò mú. Ọmọ olóko fúnra rẹ̀ ni yóò mú, tí ó gbàgbé pé bàbá òun ti tan iná. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ti pẹ́ tí ó ti ka dídẹ pàkúté tí ó lè pa ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fa iná ilé sí ọgbà oko rẹ̀, tí ó sì ń wí káàkiri pé olè ni òun ń dẹ, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Nítorí náà ni a fi bá ọ̀gá lọ sí oko náà ní ọjọ́ Sátidé, kí a lè fi ojú ara wa rí ohun tí ó pa ọgbà náà. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ó ń dún tá, tá, nínú àpótí rẹ̀, iná pupa ara rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Bátìrì kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi tẹ́sítà kan wáyà ní ìpẹ̀kun ọgbà, 900 volt péré ni ó kọ. Òbúkọ kan tí ó dúró nítòsí tilẹ̀ fi ẹ̀yìn ara họ mọ́ wáyà náà níṣojú wa, ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ lọ bí ẹni pé okùn aṣọ ni.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọgbà ká. Lápá ibi tí odò wà, koríko ti gun wáyà ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ewé kan sì wà láàárín rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀. Ewé Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, ewé Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é, ó kù sí ọwọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá olúwarẹ̀ ṣe. Àwa kò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Orúkọ yòówù kí a pè é, ewé tútù ni, omi wà nínú rẹ̀, ibikíbi tí ó bá sì ti kan wáyà ni iná ti ń gba ara rẹ̀ sá lọ sínú ilẹ̀. Ewé kan kò lè pa ọgbà. Ọgọ́rùn-ún ewé ni ó ń pa á, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbúròó. Ẹran ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ ń dán ọgbà wò. Àwọn àgbà ti wí i pé bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Àdá ni a kọ́kọ́ fi tún un ṣe. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ, ó yọ okùn rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ṣán igbó ìdí wáyà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Iṣẹ́ náà gba wákàtí méjì àbọ̀. Nígbà tí a tún dán an wò, ó ti lé ní 3,000. Ó ti dára sí i, ṣùgbọ́n kò tíì tó. A wá rí i pé rọ́bà mẹ́ta nínú àwọn tí ó di wáyà mú lára òpó ni oòrùn ti jẹ, wọ́n ti sán, wáyà sì ti fara ti igi. Àwọn òpó náà gan-an tún jẹ́ ìṣòro. Ọ̀gá ti fi ọgbọ́n àgbà gé akòko àti ìyeyè ṣe òpó, kí ikán má baà jẹ ẹ́, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n igi tí kò kú a máa rúwé, ẹ̀ka tuntun sì ti na ọwọ́ sí wáyà òkè láti ìhà méjì. Ìso kan tún wà tí a kàn lọ́ mọ́ra wọn lásán nígbà tí wáyà já ní ọdún tí ó kọjá. Ó ti dípẹtà. Iná kì í fẹ́ gba inú ìpẹtà kọjá.

Bí a ti ṣe mọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó tún yẹ ní sísọ. A kò wá gbogbo ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà. A já a sí méjì, a dán apá kìíní wò. Nígbà tí ó dára, a mọ̀ pé apá kejì ni àìsàn wà, a sì tún já ìyẹn sí méjì. Ẹni tí kò ní tẹ́sítà lè mú rédíò kékeré onibátìrì dání, kí ó yí i sí AM níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sọ̀rọ̀, kí ó sì máa rìn lẹ́bàá wáyà. Yóò máa gbọ́ tá, tá. Ibi tí ariwo náà bá ti le jù lọ, kí ó wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí iná máa sá lọ níbẹ̀.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé ni ọ̀pá inú ilẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún ọ̀gá rì fún un. Ó yẹ kí ó tó mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí wọ́n fi bí mítà mẹ́ta jìnnà sí ara wọn, kí wọ́n sì fi mítà mẹ́wàá jìnnà sí áàtì ilé. Ibi tí ilẹ̀ ti tutù ni ó dára jù lọ fún wọn. Ọ̀gá rò pé òjò nìkan ni ọ̀tá ọgbà. Kí ó dúró títí ọyẹ́ yóò fi dé, tí ilẹ̀ yóò fi le bí àpáta, tí iná kò ní rí ọ̀nà gbà padà sílé. Nígbà náà, garawa omi kan ní ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní àṣálẹ́ lè jẹ́ gbogbo àtúnṣe tí ọgbà ń fẹ́. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé àgbẹ̀ yóò máa bomi rin irin.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Ẹ yọ okùn ẹ̀rọ nígbà tí ààrá bá ń sán bọ̀, nítorí ààrá Ìbàdàn kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀rọ kékeré. Ẹ má ṣe fi iná sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún láé: ẹni tí ó bá há sí i kò ní lè jáwọ́. Ẹ má ṣe fa ọgbà gba abẹ́ wáyà ńlá ìjọba. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ẹ kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ ní èdè Yorùbá, nítorí àwọn tí yóò kọjá níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan yóò wí pé ohun olówó ni gbogbo èyí, pé àwọn bàbá wa sin ẹran láìsí bátìrì. Òtítọ́ ni. Lápálápá ni wọ́n gbìn yí oko ká, ewúrẹ́ kì í sì fẹ́ jẹ ẹ́. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà. Ọparun ni wọ́n fi ṣe ọgbà. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́wàá, àwa kò rò pé ó yẹ kí ó lọ yáwó ra ẹ̀rọ kankan. Kí ó gbin lápálápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ pé ọgbà àwọn bàbá wa ń tọ́jú ara rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un dì, wọ́n sì ń di àlàfo ibi tí ẹran ti gbà. Ọgbà tí a kò tọ́jú tún burú ju àìní ọgbà lọ, nítorí ẹni tí kò ní ọgbà yóò so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbà rẹ̀ ti kú láìmọ̀ yóò sùn fọnfọn.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ kò ní gbàgbé àwọn ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí àwòṣe rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé ni wọ́n sì fẹ́ kí ó fún ní iṣẹ́. Àwa kò ní dẹ́kun yíyin èrò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àárín díẹ̀ nínú wọn kọjá lẹ́yìn náà rí igbó níbi tí pápá ti wà rí. Ọjọ́ ìṣílé ni ìlù ń dún ní ilẹ̀ wa. A kò tíì gbọ́ ìlù rí ní ọjọ́ tí a ń pààrọ̀ rọ́bà ọgbà.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé àti ti Àríwá Ìbàdàn ní àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, àjọ OYSADA sì wà. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan, tẹ́sítà kan àti àdá kan lọ sí àwọn abúlé ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n fi ọ̀nà àtúnṣe han àwọn olóko lójú ara wọn, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn nípa iná ilé. Kí ó sì jẹ́ kí òjò àrọ̀kúrò tó dé. A kò ní kí wọ́n pín ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń ta ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ta ọ̀pá irin mẹ́ta mọ́ ọn, kí ó sì kọ́ ẹni tí ó rà á. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, kánsẹ́lọ̀ yín ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ju tiwa lọ. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè áńkárá.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, ìyípo iná ti wà nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ẹ ń kọ́ni. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù kékeré kan àti wáyà ẹsẹ̀ bàtà méjì ti tó láti fi hàn án. Ẹ kúrò lórí pátákó díẹ̀, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìdí tí 230 fi ń pa ènìyàn níbi tí 8,000 ti ń lé ewúrẹ́ sẹ́yìn lásán. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ní Yemẹ́tù yóò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ ní abúlé, bàbá rẹ̀ yóò sì gbà á gbọ́ ju bí yóò ti gba ìwé ìròyìn gbọ́ lọ.

Ọ̀gá ti ra ọ̀pá irin méjì sí i, ó sì ti pààrọ̀ rọ́bà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fa iná ilé ni ó kọ ìkìlọ̀ sára pátákó, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, ó sì kàn án mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà odò. Nígbà tí ọ̀gá ránṣẹ́ sí wa lánàá, wáyà ti kọ 6,200. Ó ti mú ọ̀kan nínú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, níbi tí orúkọ àwọn ọmọ máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni ó kọ orúkọ òpó sí, gbogbo ọjọ́ Ajé ni ó sì ní òun yóò máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.